Fíìmù Jàpáànù àtijọ́ tí kò lóhùn: báwo ni mo ṣe máa fi han ìyá mi àtàwọn ará ilé?

Àdùnní Aránṣọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Lálaalẹ́ Sátidé, mo máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwa bí ogún a sì jókòó wo fíìmù: àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ wọn, ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti àwọn ìyá méjì mẹ́ta láti ojúlé kejì. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí wọn sì ti ń wúwo. Ìyẹn ló mú mi ronú pé fíìmù tí kò lóhùn á bá wọn lára mu. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí wọn ò ní gbọ́.

Mo kà á níbì kan pé àwọn ará Jàpáànù ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ nígbà tí ìyà ń jẹ wọn, ní nǹkan bí 1930 sí 1935. Mo gbé ọ̀kan jáde lóṣù tó kọjá. Kò lọ dáadáa rárá. Ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ki orin ijó sí i lábẹ́, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, làwọn ọmọdé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tí obìnrin kan ti ń sunkún. Ìyá mi dìde, wọ́n ní kí n bá àwọn ká ẹní àwọn. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú fíìmù yẹn tí mi ò jẹ́ kí wọ́n rí.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ta ló máa ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú àwòrán? Ṣé kí n pa ohùn rẹ̀ ni àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé ó dára. Ẹ sọ bí ẹ ṣe wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Onísinimá

Àdùnní, o ṣeun tó o béèrè. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni Tokyo no yado, ìyẹn "Ilé èrò kan ní Tokyo". Ozu Yasujiro ló darí rẹ̀ fún Shochiku, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ní 1935. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Kihachi àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Kò sí ìyá. Gbogbo ohun ìní wọn wà nínú ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ dì. Ojú ọ̀nà náà gbalasa, koríko ló kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òpó wáyà tò lọ réré, ẹ ó sì rí àwọn kẹ̀kẹ́ igi ràgàjì tí wọ́n máa ń wé wáyà mọ́, tí wọ́n kàn dá sílẹ̀ sínú pápá. Kihachi á dé géètì, á tẹríba, wọ́n á ní kò síṣẹ́, á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Á tún ṣẹlẹ̀. Á tún ṣẹlẹ̀. Tó bá fi máa di ìgbà kẹta, wàá ti mọ ohun tí wọ́n sọ fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Èjìká rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Àwọn ọmọ náà máa ń mú ajá tó ń rìn gbéregbère, torí owó wà fún ẹni tó bá fà á lé ìjọba lọ́wọ́, nítorí àrùn dìgbòlugi. Ajá kan ti lè di oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan. Àfi bí èyí ẹ̀gbọ́n, Zenko, ṣe gba owó ajá lọ́jọ́ kan, tó fi ra fìlà. Bàbá bínú. Ibí yìí ni kó o ti ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó ń ránṣọ ló yẹ kó tètè mọ ìdí tí ọmọ tébi ń pa fi lè ra fìlà.

Ìmọ̀ràn mi: má ṣàlàyé kankan kó o tó bẹ̀rẹ̀. Sọ pé, "Bàbá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń wáṣẹ́ ní Tokyo," kó o sì tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi Àdùnní, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa kà á yẹn ni mo fẹ́ mú.

Ní Jàpáànù, sinimá tí kò lóhùn ò fìgbà kankan dákẹ́. Ẹnì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀. Benshi ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa fọhùn ọkùnrin, á fọhùn obìnrin, á fọhùn ọmọdé, á sọ ibi tá a wà àti ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó dákẹ́. Ẹlòmíràn ò bìkítà nípa ẹni tó ṣeré nínú fíìmù, orúkọ benshi ló máa wò kó tó sanwó wọlé. Tokugawa Musei wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ.

Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí fíìmù tí kò lóhùn pẹ́ nílẹ̀ Jàpáànù ju Amẹ́ríkà lọ. Gosho Heinosuke ṣe fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀ fún Shochiku ní 1931, àwọn èèyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Síbẹ̀, aláìlóhùn ṣì ń jáde fún ọdún mélòó kan sí i. Owó ẹ̀rọ tuntun wọ́n àwọn ilé sinimá kéékèèké, àwọn benshi náà ò sì fẹ́ kí oúnjẹ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Heigo, ẹ̀gbọ́n Kurosawa Akira tó wá di gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú ìyanṣẹ́lódì yẹn. Benshi ni. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1933. Kódà àwọn tó ń fẹnu sọ ìtàn ìyà àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà.

Torí náà, má rò ó pé o bá iṣẹ́ wọn jẹ́ tó o bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó o sì ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún màmá. Bí wọ́n ṣe ń wò ó gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Onísinimá

Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un, mi ò bá yín jiyàn. Fíìmù tí mo dárúkọ yìí, wọ́n gba orin tirẹ̀ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kò sí. Irú èyí ni wọ́n ń ṣe lápá ìparí, kí benshi má baà wúlò mọ́. Tí Àdùnní bá ń sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀, á bo orin náà mọ́lẹ̀, á sì bo ibi tí Ozu fẹ́ ká dákẹ́.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kó ka ọ̀rọ̀ tó bá jáde lójú àwòrán, lẹ́ẹ̀kan péré, lóhùn jẹ́jẹ́, kó sì panu mọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Mo gbà fún ẹ lórí ìyẹn. Orin tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Àdùnní, ṣe báyìí: wò ó ní ìwọ nìkan ṣáájú Sátidé. Mú ìwé kan. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde, dá a dúró, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Lẹ́tà Jàpáànù ló máa wà lójú rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á wà lábẹ́. Má túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní olówuuru. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó juni lọ, àwa mọ̀ ọ́n, àwọn ará Jàpáànù náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ á máa pe bàbá wọn ní "ẹ". Kihachi àti Otaka, obìnrin tí wọ́n jọ pàdé nílé èrò, á máa pe ara wọn ní "ẹ", torí àlejò ni wọ́n sí ara wọn, ojú sì ń ti àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Otsune tó ní ilé oúnjẹ, ọ̀rẹ́ Kihachi ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn lè pè é ní "ìwọ", kó sì bá a wí. Tó o bá fi "o" àti "ẹ" sí ipò wọn, màmá á mọ ẹni tó sún mọ́ ẹni láìjẹ́ pé o ṣàlàyé.

Akọ́ṣẹ́-Ẹ̀rọ

Ẹ kú àṣàrò o. Tèmi ò gùn.

Àwòrán fíìmù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbùú lóròó. Tẹlifíṣọ̀n yín á fẹ́ fà á gbooro kó lè kún ojú rẹ̀, gbogbo wọn á wá sanra, wọ́n á sì kúrú. Ẹ wá 4:3 níbi tí wọ́n ti ń ṣètò àwòrán, kí dúdú wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ tún pa ètò tó máa ń mú kí àwòrán yọ̀ bíi ti bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń sáré: ẹ kọ́kọ́ wo iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Tó bá fi púpọ̀ dín sí 80, ẹnì kan ti yí i sáré tàbí ó ti gé e. Ẹ wá òmíràn. Tẹ́ ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ san owó oṣù kan fún Criterion Channel, ìkànnì fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá ṣí níbi tẹ́ ẹ wà, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹni tó ní díìsì sọ ọ́.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń já wálẹ̀ lójú àwòrán kì í ṣe òjò, fíìmù ló ti gbó. Òjò gidi máa rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n dá a mọ̀ nígbà tó bá dé.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní London

Ẹ̀gbọ́n mi Àdùnní, ẹ kú iṣẹ́. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kan tó fúyẹ́ han àwọn ọmọdé: Umarete wa mita keredo, "Wọ́n bí mi, àmọ́...", Ozu kan náà, 1932. Ìwé ìròyìn Kinema Junpo fi ṣe fíìmù tó dára jù lọ́dún yẹn nílẹ̀ Jàpáànù. Ọmọkùnrin méjì gbà pé kò sí ẹni tó tó bàbá àwọn. Ìgbà tó yá, wọ́n dé ilé ọ̀gá bàbá wọn, wọ́n ń fi fíìmù tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yà han àwọn àlejò, ni wọ́n bá rí bàbá wọn níbẹ̀ tó ń yí ojú, tó ń ká ẹnu kò, kí ọ̀gá lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn ò jẹun mọ́.

Ilé sinimá kan níbí ni mo ti wò ó, ẹnì kan ń tẹ dùùrù nísàlẹ̀. Nígbà tí bàbá ń yí ojú, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwòrán wá bọ́ sójú àwọn ọmọ náà. Ẹ̀rín yẹn dúró lójijì bí ẹni pé wọ́n pa iná. Ẹni tó ń tẹ dùùrù náà gbọ́wọ́ sókè. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣe àbúrò níbẹ̀ ni Zenko nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ. Aoki Tomio ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Tokkan Kozo ni wọ́n ń pè é nínú fíìmù. Táwọn ọmọ yín bá ti mọ ojú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe ìjàngbọ̀n, á dùn wọ́n jù nígbà tí wọ́n bá rí i tébi ń pa á.

Ìyá Olóúnjẹ

Mo ti wo èyí tí wọ́n ń sọ yìí, ọmọ mi ló fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí tí mi ò lè dé ìsọ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa sinimá. Oúnjẹ ni mo mọ̀.

Ibì kan wà níbẹ̀. Bàbá àtàwọn ọmọ jókòó sínú koríko, kò sóúnjẹ, kò sówó. Ọmọ wá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé ìgò ọtí ló wà níbẹ̀, ó bu ọtí fún bàbá rẹ̀. Bàbá gbà á pẹ̀lú ife tí kò sí, ó mu ún, ó jẹ ẹnu wùyẹ̀wùyẹ̀. Ó wá ní káwọn ọmọ náà jẹun. Wọ́n gbé abọ́ tí kò sí dání, wọ́n ń fi ìka kó ìrẹsì tí kò sí sẹ́nu. Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa. Wọn ò sáré jẹ ẹ́. Ẹni tébi ń pa tí oúnjẹ gidi bá dé iwájú rẹ̀, gbígbé ló máa gbé e mì. Àwọn yìí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ wọn ló ń ṣe oúnjẹ náà, tí ọwọ́ bá sì ti dúró, oúnjẹ ti tán nìyẹn.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta oúnjẹ. Mo ti rí ẹni tó jókòó síwájú ìsọ̀ mi tó ń wo ẹnu àwọn tó ń jẹun. Mo mọ ojú yẹn. Ojú Kihachi nìyẹn.

Àdùnní, má ka nǹkan kan níbẹ̀ o. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ jáde lójú rẹ̀, panu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Onísinimá

Ìyá, ẹ ṣeun. Ìgbà mélòó ni mo ti wò ó, mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ ìyára ọwọ́ wọn yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kejì tì í. Lẹ́yìn tí ẹrù wọn ti sọnù, owó tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ ò lè ra oúnjẹ kó tún san owó ibi tí wọ́n máa sùn. Ọ̀kan ni. Bàbá bi àwọn ọmọ léèrè èwo. Wọ́n ní oúnjẹ. Wọ́n jẹ ẹ́, inú wọn dùn. Òjò dé. Ozu ò fi ẹkún kankan sí i. Ibi tí wọ́n ti ń sá fún òjò yẹn ni Otsune ti rí wọn, òun ló sì bá Kihachi wáṣẹ́.

Àdùnní Aránṣọ

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti wò ó lálẹ́ àná, èmi nìkan, nígbà táwọn ọmọ ti sùn. Mo dá a dúró bí Olùkọ́ ṣe ní kí n ṣe, ìwé àkọsílẹ̀ mi ti kún. Nígbà tí mo dé ibi tí Ìyá sọ, mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ìbéèrè mi báyìí ni ti ìparí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó má ka èyí. Ọmọbìnrin kékeré tí Otaka bí ń ṣàìsàn, ìgbẹ́ ọ̀rìn, kò sówó ilé ìwòsàn, ó sì di dandan kí obìnrin náà lọ máa gbé ọtí fún àwọn ọkùnrin. Kihachi bẹ Otsune pé kó yá òun lówó, Otsune ní òun ò yá a. Kihachi wá lọ jalè. Ó fi owó náà rán àwọn ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ó fà wọ́n lé Otsune lọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Kí ni mo máa sọ fáwọn ọmọdé tí wọ́n bá béèrè bóyá ó dára? Mo sì ń bínú sí Otsune.

Ìyá Olóúnjẹ

Má bínú sí i. Òun ló fún wọn lóúnjẹ kò tíì béèrè owó. Òun ló wá iṣẹ́ fún un. Ẹni tó ń tajà mọ̀ pé owó tí ọkùnrin bá tọrọ láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọtí tàbí obìnrin ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ti mọ Kihachi tipẹ́. Kò sọ òótọ́ fún Otsune. Ká ní ó ti sọ pé ọmọ kan ló ń kú lọ ni, mo rò pé ì bá fún un. Ojú ló tì í.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Èmi ò gbà pé ojú nìkan ni. Olè jíjà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lọ fira rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Sọ fáwọn ọmọ pé kò dára, kó o sì bi wọ́n ohun tí wọn ì bá ṣe. Jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ ibi tí àìríṣẹ́ yẹn ti wá, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀lẹ ni bàbá náà. Ní oṣù kìíní 1930, ìjọba Jàpáànù padà so owó wọn mọ́ wúrà, ó sì bọ́ sí ìgbà tí ọrọ̀ ajé ayé ń wó lulẹ̀. Òwú ṣẹ́dà ló ń mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì ń rà á jù. Nígbà tí àwọn yẹn ò rówó ra ṣẹ́dà mọ́, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Wọ́n tú owó náà kúrò lára wúrà ní oṣù kejìlá 1931, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ti fọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ló pẹ́ jù kí ara tó tù wọ́n.

Apá ìlà oòrùn Tokyo ni pápá tí Kihachi ń rìn, Koto ni wọ́n ń pè é. Fukagawa tí wọ́n ti bí Ozu ní 1903 wà níbẹ̀. Kì í ṣe àjèjì tó wá wo ìyà nibẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ló ń yà.

Ẹ̀gbọ́n Onísinimá

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ. Orúkọ òyìnbó kan ni wọ́n kọ síbi ẹni tó ni ìtàn: Winthat Monnet. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ozu àtàwọn méjì tí wọ́n jọ kọ ọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é sókè kíákíá, bí òyìnbó ṣe ń sọ "láìlówó lọ́wọ́" lẹ ó gbọ́.

Ẹ sì wo obìnrin tó ṣe Otaka dáadáa, Okada Yoshiko. Ní oṣù kìíní 1938, òun àti ọkùnrin rẹ̀, Sugimoto Ryokichi, gba inú yìnyín sá kọjá ààlà ní erékùṣù Sakhalin, wọ́n wọ ilẹ̀ Soviet. Wọ́n rò pé ibẹ̀ máa sàn. Àwọn Soviet pe wọ́n ní amí, wọ́n pa Sugimoto ní 1939, wọ́n sì fi Okada sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún gbọọrọ. Ọdún 1972 ló tó tún fojú kan Jàpáànù. Mi ò lè wo ibi tó ti ń rìn nínú pápá yẹn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láì rántí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Aláàánú

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ọmọ náà, torí àwọn ìyá tó máa jókòó síbẹ̀ á bi yín. Wọ́n lè sọ pé ṣebí ìgbẹ́ lásán ni.

Kì í ṣe lásán nígbà yẹn. Dókítà ará Jàpáànù kan, Shiga Kiyoshi, ló rí kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ní 1897. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe kòkòrò náà títí dòní. Àmọ́ pé wọ́n mọ kòkòrò náà ò sọ pé wọ́n ní oògùn rẹ̀. Ní 1935, oògùn tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ò tíì dé ọwọ́ ará ìlú, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá èyíkéyìí lè pò sínú ife lónìí ò tíì di ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin máarùn-ún tó bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ìrètí rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ ti ẹni tó lówó. Tẹ́ ẹ bá sọ èyí ní gbólóhùn méjì kí fíìmù tó dé ibẹ̀, wọ́n á mọ ìdí tí Kihachi ò fi lè dúró di ìparí oṣù.

Tí ọmọ kan bá wà láàárín yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù àbúrò, ẹ jẹ́ kó sùn tì ìyá rẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní London

Ẹni tó bá fẹ́ wo irú rẹ̀ níbi tí obìnrin ti wà láàárín gbùngbùn, kó wá Yogoto no yume, "Àlá òròòru", Naruse Mikio, 1933. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí létí èbúté kó lè tọ́ ọmọ rẹ̀, ọkọ tó ti lọ fún ọdún mẹ́ta padà dé, kò sì ríṣẹ́. Ó le ju ti Ozu lọ. Mi ò ní fi han ọmọdé.

Àdùnní Aránṣọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti wò ó.

Mo ṣe 4:3, dúdú wà lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́, mo ní kó jókòó. Mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń ka ìwé mi sókè kí ìyá mi lè gbọ́. Orin rẹ̀ ń lọ nísàlẹ̀. Níbi fìlà, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, mi ò bínú, torí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín náà ló sọ pé, "Ó mà bá a mu o."

Nígbà tí wọ́n jókòó sínú koríko, mo pa ìwé dé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kan tó jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá mi ló béèrè pé, "Ìyá àgbà, oúnjẹ wọn dà?" Ìyá mi ò mójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n jẹun ná."

Wọ́n jiyàn lórí olè yẹn títí di aago mẹ́wàá. Ìyá mi fara mọ́ Otsune, àwọn ìyá ojúlé kejì ò gbà. Ìyá Olóúnjẹ, mo jẹ́ iṣẹ́ yín fún wọn, wọ́n ní kí n kí yín.

Sátidé tó ń bọ̀, "Wọ́n bí mi" ni. Wọ́n ti ń béèrè Zenko. Akọ́ṣẹ́-Ẹ̀rọ, mo rí méjì tó yàtọ̀ síra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ní dùùrù, èkejì ò ní ohùn kankan. Èwo ni kí n gbé?

Akọ́ṣẹ́-Ẹ̀rọ

Iye ìṣẹ́jú wọn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sí mi.